Dídán Kọ́ Ni Mímú: Irin Ọ̀bẹ, Òkúta Ìpọ́nbẹ àti Ọgbọ́n Alágbẹ̀dẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ní ọjọ́ ọjà ní Aràmọ̀kọ, ní Ìjerò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀bẹ méjì sábà máa ń wà lórí àtẹ kan náà tí wọ́n ń du oníbàárà. Ọ̀kan ń dán gbinrin bíi dígí, ike aláwọ̀ mèremère ni èkù rẹ̀, orúkọ òyìnbó sì wà lára rẹ̀. Èkejì dúdú, ojú ọmọ owú kò tíì parẹ́ lára rẹ̀, igi ni a fi ṣe èkù rẹ̀, kò sì ní orúkọ kankan. Oníbàárà yóò gbé méjèèjì wò, yóò fi àtàńpàkò tọ́ ẹnu wọn wò, ojú rẹ̀ yóò sì fà sí èyí tó ń dán. Kí oṣù kan tó pé, ọ̀bẹ adánmáran náà kò lè gé tòmátì mọ́, àfi kó tẹ̀ ẹ́ fọ́. Gbólóhùn tí yóò tẹ̀lé e kò ju ẹyọ kan lọ: irin ayé òde òní ti bàjẹ́.

Ṣé irin ló bàjẹ́ lóòótọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ilé ìdáná nìkan. Láti Òkè-Ìmẹ̀sí títí dé Ìkọ̀gòsí, láti Ìjerò títí dé àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni oúnjẹ òòjọ́ wọn ti ara ẹnu irin wá. Àgbẹ̀ olókò kòkó, adẹ́mu, alápatà, agbẹ́gilére, ìyá olóúnjẹ àti ọmọ tó ń bó ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ kò kàn nínú wọn. Àdá tí kò mú ń jẹ àkókò, ó ń jẹ agbára, ó sì ń jẹ owó alágbàṣe. Nítorí náà, ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò dáadáa dípò kí a máa sọ ẹ̀bi gbogbo lu irin. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ló ń sọ ọ̀bẹ di ọ̀bẹ: irin tó yẹ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe, iná tó jiná bó ti yẹ, àti ìpọ́n tó péye. Ẹni tó fojú di ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi owó méjì yòókù ṣòfò.

Ohun tó mú kí irin kan yàtọ̀ sí òmíràn ni àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀. Olórí wọn ni kábọ́ọ̀nù, èyí tí í ṣe ọmọ ìyá èédú tí alágbẹ̀dẹ ń kó sínú iná. Díẹ̀ ni irin nílò, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Irin ìkọ́lé, èyí tí a ń dì mọ́ kọnkéré, sábà máa ń ní kábọ́ọ̀nù tí kò tó ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin sípíríǹgì tó ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù ró ní bí ìdá 0.6. Irin fáìlì, èyí tí a fi ń rẹ́ irin mìíràn, máa ń kọjá ìdá 1. Bí a bá fi iná sun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí wọ́n fi pọ́n bí ẹ̀yìn, tí a sì rì wọ́n sómi lẹ́ẹ̀kan náà, irin ìkọ́lé yóò ṣì rọ̀, irin sípíríǹgì yóò le, irin fáìlì yóò le bíi dígí, yóò sì kán bíi dígí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba.

Ìwà mẹ́rin ni a ń wá lára irin ọ̀bẹ. Èkíní ni pé kí ẹnu rẹ̀ mú pẹ́. Èkejì ni pé kí ó lágbára láti gba ìkọlù láì kán tàbí kí ẹnu rẹ̀ má fọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó má tètè dógùn-ún. Ẹ̀kẹrin, èyí tí àwọn olùpolówó ọjà kì í sábà sọ, ni pé kí ó rọrùn láti pọ́n nígbà tó bá kúnu. Kò tíì sí irin kan tó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dé góńgó. Èyí tó le jù máa ń tètè fọ́. Èyí tí kì í fọ́ máa ń tètè kúnu. Èyí tí kì í dógùn-ún lè gba wàhálà lórí òkúta. Ẹni tó bá ní irin òun dára jù ní ayé gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: ó dára jù fún kí ni?

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo àwọn irin tó wà lágbègbè náà, ọ̀rọ̀ á tètè yé ni. Àdá tí alágbẹ̀dẹ fi irin sípíríǹgì rọ ń gba ìkọlù gan-an, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe irin náà fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ó máa tẹ̀ kí ó sì máa padà bọ̀ sípò lábẹ́ ẹrù ọkọ̀. Ó ń mú dáadáa, òkúta lásán sì tó láti pọ́n ọn. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ó ń dógùn-ún bí òjò bá ń rọ̀ tí a sì gbà gbé e sí ìdí igi. Àdá tí a tẹ àwòrán ọ̀nì sí lára, tí ilé-iṣẹ́ Martindale ti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, jẹ́ irin oníkábọ́ọ̀nù pẹ̀lú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí irin rẹ̀ rọ̀ ju ti ọ̀bẹ lọ kí ó má baà kán nígbà tó bá bá òkúta tàbí gbòǹgbò pàdé, kí fáìlì sì lè pọ́n ọn nínú oko. Ọ̀bẹ àti àdá tí a fi irin ìkọ́lé rọ kò ní ohun rere kan tí a lè sọ nípa rẹ̀ ju pé kò wọ́n lọ. Bó ti wù kí a pọ́n ọn tó, kò ní pẹ́ kúnu, nítorí pé kò ní ohun tó lè fi le.

Irin tí kì í dógùn-ún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ní ọdún 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley ń wá irin tí kò ní tètè jẹ nínú ẹnu ìbọn. Irin tó rí ní èròjà kan tó ń jẹ́ kírómíọ̀mù nínú, bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ṣàkíyèsí pé omi àti omi kíkan kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ló ti rò ó pé yóò dára fún ọ̀bẹ ìjẹun. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ Sheffield kò kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bẹ tí kò lè gé nǹkan ló gbé wá. Yẹ̀yẹ́ náà ní ìdí. Irin tuntun yìí kò gba iná bíi ti àtijọ́, ẹni tí kò bá sì mọ ìwọ̀n iná tó fẹ́ yóò rọ ọ̀bẹ tí ó kàn ń dán lásán ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sheffield ló ń ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ ọjà Aràmọ̀kọ lónìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú tó ń dán jẹ́ irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré jọjọ, tó fẹ́ẹ́rẹ́, tó sún mọ́ irin ṣíbí ju irin ọ̀bẹ lọ. Kírómíọ̀mù ló ń dán tí oníbàárà ń rí. Kábọ́ọ̀nù tí kò sí níbẹ̀ ni kò rí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé irin tí kì í dógùn-ún kò wúlò. Ọ̀bẹ àpò Victorinox ti ilẹ̀ Switzerland, èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lókè òkun máa ń mú bọ̀ wálé fún bàbá àti ẹ̀gbọ́n wọn, jẹ́ irin bẹ́ẹ̀. Kírómíọ̀mù inú rẹ̀ tó bí ìdá 15, líle rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 56 lórí òṣùwọ̀n Rockwell, èyí tí ayé fi ń wọn líle irin. Kì í ṣe irin tó le jù, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹni tó ní in lè pọ́n ọn fúnra rẹ̀ níbikíbi. Ilé-iṣẹ́ Opinel ti ilẹ̀ Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1890, ń ṣe ọ̀bẹ àpò oníkábọ́ọ̀nù àti èyí tí kì í dógùn-ún títí di òní, wọ́n sì ń jẹ́ kí oníbàárà yan èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ọ̀bẹ Okapi ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1902 láti tà ní àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Irin oníkábọ́ọ̀nù lásán ni, igi ni èkù rẹ̀, síbẹ̀ ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi í gé nǹkan.

Ní òdìkejì, irin olówó gọbọi wà. Ọ̀kan nínú wọn ni S30V, èyí tí ilé-iṣẹ́ Crucible ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2001. Ó ní kábọ́ọ̀nù ìdá 1.45, kírómíọ̀mù ìdá 14, àti èròjà mìíràn tó ń jẹ́ fanédíọ̀mù, ìdá 4. Fanédíọ̀mù yìí ń dara pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù di ẹyọ kéékèèké tó le ju òkúta ìpọ́nbẹ lásán lọ. Ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ń mú pẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kúnu ní oko kan lẹ́yìn Ìpólé-Ìlọ̀rọ̀, òkúta odò kò ní ràn án. Òkúta dáyámọ́ǹdì ni yóò béèrè. Ẹni tí kò ní dáyámọ́ǹdì ti ra ọ̀bẹ tó máa lò lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdí nìyí tí irin tó gbówó lórí jù kò fi lè jẹ́ ìdáhùn fún àgbẹ̀.

Lẹ́yìn irin, iná ló kàn. Nínú ilé arọ, nígbà tí ẹwìrì bá ń fẹ́, ojú ni alágbẹ̀dẹ fi ń wọn ìwọ̀n ooru. Irin tó pọ́n bí ẹ̀yìn ni a ń rì sínú omi tàbí òróró kí ó lè le. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀, nítorí pé irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi le jù, ó sì lè kán bí ó bá bọ́ sílẹ̀. A gbọ́dọ̀ tún un yá níná díẹ̀díẹ̀. Bí ojú irin tí a ti rẹ́ mọ́ bá yí padà di àwọ̀ koríko gbígbẹ, ó ti dé nǹkan bí 220 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì, ìyẹn dára fún ọ̀bẹ. Bó bá di àwọ̀ aró, ó ti sún mọ́ 300, ìyẹn sì bá àdá mu, nítorí pé àdá nílò ìfaradà ju líle lọ. Ẹni tó bá sáré kọjá ìpele kejì yìí yóò rọ ọ̀bẹ tó máa ń ṣẹ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá jẹ́ kí ooru pọ̀ jù yóò rọ èyí tó máa ń tẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣàì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ní ohun tó fẹ́ gbà jáde níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ gbogbo ilé ni ìpọ́n. Bí a bá mú irin kan náà, tí alágbẹ̀dẹ kan náà rọ, tí ènìyàn méjì sì pọ́n ọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀bẹ méjì ni yóò jáde. Igun tí a fi ẹnu ọ̀bẹ lé òkúta ló ń pinnu èyí. Bí igun náà bá tẹ́, ẹnu yóò fẹ́lẹ́, yóò sì gé nǹkan wọlé wẹ́rẹ́. Bó bá dìde jù, ẹnu yóò nípọn bíi ti àáké. Fún ọ̀bẹ àpò àti ọ̀bẹ ilé ìdáná, nǹkan bí dígírì 15 sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dára. Fún àdá tó ń bá igi jà, 25 sí 30 ni. Ẹni tí kò ní ohun tó lè fi wọ̀n ọ́n lè mú bébà, kí ó ká igun rẹ̀ sí méjì, kí ó tún un ká sí méjì. Igun 90 yóò di 45, lẹ́yìn náà 22.5. Kí ó gbé bébà náà ti òkúta, ojú rẹ̀ yóò sì mọ ibi tí ọ̀bẹ yẹ kó wà. Larrin Thomas, onímọ̀ irin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé Knife Engineering ní 2020, ti fi àyẹ̀wò hàn pé dídín igun ẹnu ọ̀bẹ kù lè mú kí ọ̀bẹ gé nǹkan pẹ́ gan-an, dé ibi pé irin tí kò gbajúmọ̀ tí a pọ́n dáadáa lè borí irin olówó ńlá tí ẹnu rẹ̀ nípọn. Bí irin náà bá ti le tó láti gbé ẹnu fẹ́lẹ́ ró ni.

Ohun kejì nínú ìpọ́n ni ohun tí ojú kì í tètè rí. Bí a ti ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan, fọ́nrán irin tínínrín kan máa ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìka lè mọ̀ ọ́n lára bí a bá fà á láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ sí ẹnu, kì í ṣe gba orí ẹnu náà. Fọ́nrán yìí jẹ́ àmì pé òkúta ti dé ẹnu gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ yóò mú lónìí, yóò sì kúnu lọ́la, nítorí pé fọ́nrán náà yóò ṣẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kan pátákó. A gbọ́dọ̀ pọ́n ọn kúrò díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, lórí òkúta tó kúnná, kí a sì fi awọ parí rẹ̀. Àwọn onígbàjámọ̀ àtijọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń fa abẹ lórí awọ kí wọ́n tó gbé e kan orí ènìyàn. Alápatà tó ń fi ọ̀bẹ ha irin gbọọrọ kó tó gé ẹran kò pọ́n nǹkan kan púpọ̀. Ẹnu tó tẹ̀ ló ń tún tò sípò. Ìdí nìyí tó fi ń ṣe é léraléra, ìdí nìyí náà tí irin gbọọrọ kò fi lè gba ọ̀bẹ tó ti kúnu pátápátá là.

Ọ̀tá tó burú jù fún ọ̀bẹ rere ni ẹ̀rọ ìlọ̀rin tí wọ́n fi ń pọ́n nǹkan láì lo omi. Iná tó ń ta pàràpàrà máa ń wu àwọn tó dúró wò ó, ẹnu sì ń jáde kíá. Ṣùgbọ́n níbi tí irin ti fẹ́lẹ́ jù, ooru máa ń kó jọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ti di àwọ̀ aró lábẹ́ ẹ̀rọ náà, líle tí alágbẹ̀dẹ fi gbogbo òwúrọ̀ wá ti lọ. Ọ̀bẹ náà yóò mú délé, kò sì ní mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníǹkan yóò dá alágbẹ̀dẹ lẹ́bi, alágbẹ̀dẹ yóò dá irin lẹ́bi, apọ́nbẹ yóò sì ti gba owó rẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n: abọ́ omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí a máa ri ọ̀bẹ sínú rẹ̀ kí ó tó gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè dì mú lọ.

Ìpalára tí ẹnu irin tí kò mú ń ṣe nínú oko kòkó kò kéré. Kòkó kì í so lórí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan. Ó ń so lára ìtí igi gan-an, ojú kan náà tí èso ọdún yìí ti jáde sì ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti yọ. Ọ̀bẹ tó mú yóò gé ọrùn èso náà mọ́, yóò sì fi ojú náà sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Èyí tó kúnu yóò fà á ya pẹ̀lú èèpo igi. Ojú ìso ti lọ nìyẹn, ọgbẹ́ sì ti ṣí sílẹ̀ fún àrùn. Àgbẹ̀ yóò máa rò pé igi òun ti darúgbó, láì mọ̀ pé ọ̀bẹ orí ọ̀pá ni òun fi ń gé èso ọdún tó ń bọ̀ dànù. Síbẹ̀, nígbà tí a bá fẹ́ fọ́ kòkó, mímú kò wúlò mọ́. Àdá tó mú máa ń gé hóró inú rẹ̀ sí méjì, ó sì lè ge ọwọ́ tó di èso náà mú. Kùmọ̀ igi ló yẹ níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ ìgbà tí mímú wúlò àti ìgbà tí kò wúlò.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ìlú náà ni Agbọnbíọ̀fẹ́, ọmọ ìdílé Adéṣínà tó kú ní 1945, ti gbẹ́ àwọn òpó ààfin tí àwọn òǹkọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò yé mẹ́nu bà. Bí a bá fojú sí ilà wẹ́wẹ́ tó wà lára irun, ìlẹ̀kẹ̀ àti gàárì ẹṣin nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé ọ̀bẹ tí a fi fín wọn kò lè jẹ́ ọ̀bẹ tó kúnu. Igi kì í gba irọ́: ibi tí ọ̀bẹ ti fà á ya, ojú yóò rí i títí láé. Iṣẹ́ agbẹ́gilére àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kò ṣeé yà nípa. Òtítọ́ ni pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èkù, kò sí òpó, tí ọ̀bẹ kan kò gbẹ́.

Báwo wá ni agbègbè tó ní irú ìtàn yìí ṣe wá di ibi tí ọ̀bẹ tí kò lè gé ewúro ti ń tà jù? Nígbà kan, Yorùbá ń yọ́ irin fúnra wọn. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ àpèjúwe ilé ìyọ́rin tó rí nítòsí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú iná ìléru àti iṣẹ́ àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Irin òkèèrè tó pọ̀ tí kò sì wọ́n ló pa iṣẹ́ ìyọ́rin náà, ó ku ìrọ́rin nìkan. Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀ ní 1979, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, iná ìléru ńlá ibẹ̀ kò tíì yọ́ irin fún orílẹ̀-èdè. Alágbẹ̀dẹ Ìjerò, ìlú tí òkúta iyebíye pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kò ní ibi mìíràn tí yóò ti rí irin ju inú àlòkù ọkọ̀ lọ. Àlòkù náà sì ti di ohun tí àwọn tó ń kó irin jọ ń fi ọkọ̀ ńlá rù lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ ọ di irin ìkọ́lé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò: irin sípíríǹgì, tó yẹ kó di àdá rere, ni a ń yọ́ pọ̀ mọ́ páànù àti agolo kó lè di irin ìkọ́lé, irin ìkọ́lé, tí kò lè di ọ̀bẹ láéláé, ni àwọn kan nínú àwọn alágbẹ̀dẹ wá ń rọ ní ọ̀bẹ nítorí pé òun ló wà nítòsí.

Àwọn kan yóò sọ pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ lásán ni gbogbo èyí. Wọ́n ní àdá òkèèrè dọ́gba, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì, nígbà tí ti alágbẹ̀dẹ jẹ́ bí orí ẹni bá ṣe rí: ọ̀kan lè pé ọdún mẹ́wàá, èkejì lè kán ní ọjọ́ kẹta. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń ta irin ìkọ́lé fún àgbẹ̀ ní orúkọ àdá sípíríǹgì kò yàtọ̀ sí oníṣòwò tó ń ta dídán ní orúkọ mímú. Ṣùgbọ́n àìdọ́gba kì í ṣe àdámọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Sheffield fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn alágbẹ̀dẹ inú ilé kéékèèké. Àyẹ̀wò àti àmì olúkúlùkù lára irin tó rọ ló sọ ìlú náà di ohun tí ayé ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò fara sin. Èkíní, kí ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n fohùn ṣọ̀kan pé olúkúlùkù yóò máa tẹ àmì tirẹ̀ sára ohun tó bá rọ, kí oníbàárà lè mọ ẹni tí yóò padà bá. Èkejì, kí wọ́n máa dán irin wò kí wọ́n tó rọ ọ́. Bí a bá gbé irin kan ẹ̀rọ ìlọ̀rin, ẹ̀ta iná tó gùn gbọọrọ láì ní ẹ̀ka fi hàn pé kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré. Èyí tó ń bẹ́ yẹ́ẹ́yẹ̀ẹ̀yẹ́ bí ìràwọ̀ fi hàn pé ó pọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti rì í sómi, kí a gbé fáìlì kàn án: bí fáìlì bá yọ̀ láì jẹ ẹ́, iná ti ṣiṣẹ́. Kò sí ìkankan nínú ìdánwò méjèèjì tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ra àdá pín fún àgbẹ̀ ṣe ìdánwò kan náà kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn alágbẹ̀dẹ agbègbè. Àdá tí a pín lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò sì lè gé igbó kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin, kí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fi iṣẹ́ iná àti ìpọ́n kún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, kí àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ sì wà lára àwọn tí yóò kọ́ wọn, kí ohun tí ojú wọn mọ̀ nípa àwọ̀ irin má baà bá wọn wọ ilẹ̀.

Ti oníbàárà náà wà níbẹ̀. Kí ó béèrè irú irin tí wọ́n fi rọ ohun tó fẹ́ rà. Kí ó ra ọ̀bẹ tí kì í dógùn-ún fún ilé ìdáná, níbi tí ọsàn, àlùbọ́sà àti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń sọ irin oníkábọ́ọ̀nù di dúdú. Kí ó ra irin sípíríǹgì fún oko. Kí ó nu àdá rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó fi epo díẹ̀ ra á ní àkókò òjò. Kí ó ní òkúta méjì nílé, èyí tó ki àti èyí tó kúnná, kí ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin àti lóbìnrin bí a ti ń lò wọ́n. Ọ̀bẹ tí kò mú léwu ju èyí tó mú lọ, nítorí pé agbára ni a ń fi tì í, ibi tí agbára sì bá já sí, ọwọ́ ni ó ń bá.

Èkìtì ni Ìrè wà, ìlú tí ìtàn so mọ́ Ògún, baba gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun. Yóò jẹ́ ìtìjú bí ilẹ̀ tó bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá wá di ilẹ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irin tó ń dán àti irin tó ń gé. Ẹni tó bá tún dúró níwájú àtẹ méjì náà ní ọjà Aràmọ̀kọ, kí ó má kàn fi àtàńpàkò tọ́ ẹnu wọn wò. Kí ó béèrè ohun mẹ́ta: irin wo ni, iná wo ló rí, ta sì ni yóò máa pọ́n ọn? Ọ̀bẹ tó bá ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ó mú lọ sílé, ì báà dúdú bí ìdí ìkòkò.